Bébà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò Kí Ẹ Tó Mú Ṣọ́ọ̀kì

Bí àwọn ènìyàn bá rí ojú ìwé ìrántí tí mo fi ṣọ́ọ̀kì ṣe, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè ni irú ṣọ́ọ̀kì tí mo lò. Wọ́n á fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á fẹ́ mọ ibi tí mo ti rà á, bóyá Ìdúmọ̀tà ni tàbí Yábàá. Èmi a sì sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kan bébà náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Ṣómólú níbí, tí mò ń bá àwọn ẹbí to fọ́tò ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí 70 àti ìsìnkú àgbà sínú ìwé. Ohun tó dá mi lójú jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé bébà ló ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ti wà lára bébà ni ṣọ́ọ̀kì ń gbé jáde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìyẹ̀fun ni ṣọ́ọ̀kì. Kò ní omi bíi ti íǹkì tí yóò fi wọnú bébà, ohun tó so ó pọ̀ kò sì tó èyí tí yóò fi lẹ̀ mọ́ ibi tó bá ń dán. Tí ẹ bá fi í pa bébà, àárín àwọn fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín tí wọ́n fi ṣe bébà náà ni yóò há sí. Bébà tí ara rẹ̀ kò jọ̀lọ̀ yóò gbà á, yóò sì dì í mú. Èyí tó bá ń dán, yíyọ̀ ni yóò yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni méjì fi lè ra ṣọ́ọ̀kì kan náà lọ́wọ́ ẹni kan náà, kí iṣẹ́ ọ̀kan gún régé, kí ti èkejì sì máa gbọ̀n dànù bí wọ́n bá ṣe ń ṣí ìwé.

Tí mo bá fẹ́ ra bébà, mo máa ń fi ẹ̀yìn èékánná ra á díẹ̀. Bí ó bá ń ha, tí èékánná kò sáré kọjá, a lè jọ ṣiṣẹ́. Bí ó bá yọ̀ lọ láìdúró, mo ti mọ̀ pé àwọn tó ṣe é ti fi nǹkan kun ojú rẹ̀ kí àwòrán títẹ̀ lè mọ́ lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa fi ń kùn ún gan-an ni amọ̀ funfun àti ìyẹ̀fun kálísíọ́ọ̀mù kábónéètì, tí í ṣe ohun tí òkúta ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ jẹ́. Bébà bẹ́ẹ̀ ti yó kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sí àyè mọ́ fún tiyín.

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ìtẹ̀wé ni iṣẹ́ àdúgbò wa. Láti òwúrọ̀ ni ẹ ó ti máa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, tí kẹ̀kẹ́ Márúwá yóò máa gbé kàléńdà àti ìwé ètò ìsìn kọjá, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yóò máa ru bébà lórí láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé lọ sọ́dọ̀ agébébà. Ìgékù tó máa ń bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ ìgébébà ni ìṣúra tèmi. Bébà olówó iyebíye ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n kàn ti ge é kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sátífíkéètì tàbí káàdì ìpè ni. Bọ̀dá kan wà tó máa ń bá mi kó wọn pa mọ́, pàápàá irú bébà tí wọ́n ń pè ní Conqueror.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá. Kí ló wà nílẹ̀?”

“Ẹ kú àárọ̀, Àǹtí. Conqueror wà o, àmọ́ aláwọ̀ kíríìmù nìkan ló kù.”

“Kíríìmù náà ni mo fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi okùn dì í o.”

“Ojú okùn yẹn náà ni? Mo ti gbọ́, náílọ̀nù ni n ó kó o sí.”

Ó ti mọ ọ̀rọ̀ mi. Bí okùn bá tẹ bébà, ojú lè má rí i rárá, ṣùgbọ́n gẹ́rẹ́ tí ṣọ́ọ̀kì bá ti kan ibẹ̀, ìlà yóò yọ gbọọrọ. Bákan náà ni bí ènìyàn bá ti gbé bébà mìíràn lé e, tó fi bírò kọ nọ́ńbà fóònù sórí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì yóò tú àṣírí gbogbo nọ́ńbà náà síta.

Conqueror yẹn, èyí tó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lára, wà lára àwọn tí mo fẹ́ràn jù, nítorí orí àwọn ìlà náà ni ṣọ́ọ̀kì ń gùn, àárín wọn á sì mọ́ sílẹ̀. Kádíbọ́ọ̀dù aláràbarà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń rà náà gba ṣọ́ọ̀kì dáadáa. Bébà fọ́tòkọ́pì gíráàmù 80 (gíráàmù ni wọ́n fi ń wọn bí bébà ṣe wúwo sí) gbà á, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́, bí ẹ bá fi ọwọ́ pa á pọ̀, ara rẹ̀ á ká. Káàdì tó wà láàárín gíráàmù 200 sí 300, tí wọn kò fi nǹkan dídán kùn, ni mo máa ń fi ṣe ojú ìwé gan-an, mo sì máa ń gé e ní ínǹṣì 12 sí 12.

Bébà àpò símẹ́ǹtì náà ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ipele tí símẹ́ǹtì kò fara kàn ni kí ẹ lò, kí ẹ sì nù ún dáadáa. Fún un mọ́ ọwọ́, tú u, tún fún un, tú u, títí yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ, kí ẹ fi òwú tó ní ṣọ́ọ̀kì funfun gba orí rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Orí gbogbo ibi tó ká ni funfun náà yóò dúró sí, ìsàlẹ̀ yóò sì wà ní àwọ̀ búráùn rẹ̀. Kò sí bírò tàbí búrọ́ọ̀ṣì tó lè ya irú rẹ̀. Kìkì pé bébà yẹn kò yẹ kó fara kan fọ́tò fúnra rẹ̀, torí pé ásíìdì wà nínú rẹ̀ tó lè ba fọ́tò jẹ́ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Mo máa ń fi káàdì mímọ́ sáàárín wọn.

Ó wá kan ṣọ́ọ̀kì. Ṣọ́ọ̀kì ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Jípúsọ́ọ̀mù, irú òkúta rírọ̀ kan, ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà báyìí, kálísíọ́ọ̀mù kábónéètì ni wọ́n sì fi ń ṣe òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun, kí ó kán ọtí kíkan, fínígà tí a ń fi sí sàláàdì yẹn, lé e lórí. Bí ó bá hó ṣùùù, kálísíọ́ọ̀mù kábónéètì wà níbẹ̀. Bí ó bá kàn mu ún láìhó, jípúsọ́ọ̀mù ni. Èyí tó ń hó dára fún bébà, nítorí ó máa ń pa agbára ásíìdì. Àwọn tó ń ṣe bébà tí yóò pẹ́ láyé máa ń fi ohun kan náà sínú rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìṣòro ṣọ́ọ̀kì ilé ìwé aláwọ̀ ni pé àwọ̀ inú rẹ̀ kéré. Ẹ ó pa, ẹ ó tún pa, pupa yóò sì ṣì máa ṣe bíi pé ó ń tijú.

Ti àwọn ayàwòrán, pásítẹ́ẹ̀lì gbígbẹ, ni mo ń lò jù báyìí. Àwọ̀ lílọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ so ó pọ̀. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ra olóróró, torí pé bákan náà ni páálí wọn máa ń rí. Olóróró kò ṣe é gbá pẹ̀lú òwú, òróró rẹ̀ yóò sì máa rìn nínú bébà títí tí yóò fi yọ sẹ́yìn. Ẹ fi ìka méjì pa á wò. Bí ìka bá gbẹ tó sì ní ìyẹ̀fun, ẹ rà á. Ṣọ́ọ̀kì télọ̀ pín sí méjì pẹ̀lú: èyí tí wọ́n fi amọ̀ ṣe ṣe é lò, èyí tó ní ìda kò ṣe é lò.

Ọ̀kan wà tí mo ń bẹ yín pé kí ẹ má jẹ́ kí ó wọ yàrá iṣẹ́ yín rárá. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ń kiri fún pípa aáyán àti èèrà jọ ti ilé ìwé gan-an, ó funfun, ó gùn bákan náà. Oògùn apakòkòrò ni wọ́n pò mọ́ ọn, irú bíi cypermethrin tàbí deltamethrin. Ọmọdé tó bá rí i lórí tábìlì àwọ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀. Mo ti rí ilé tí wọ́n kó o sínú agolo kan náà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àwọn ọmọ, àyà mi sì já. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ẹni tó wà nítòsí yín.

Bí mo ṣe ń lò ó nìyí. Mo máa ń fi abẹ ha ṣọ́ọ̀kì sínú ọmọrí ìgò, kí ìyẹ̀fun rẹ̀ lè dára ní fífọwọ́bà. N kì í sábà fi igi rẹ̀ pa bébà ní tààrà, torí pé igi máa ń fi ìlà sílẹ̀. Kọ́tìn bọ́ọ̀dù fún ibi tóóró, òwú fún ibi fífẹ̀, àti fóòmù kékeré tí àwọn tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù fi ń kun ìpéǹpéjú fún etí bébà. Fóòmù yẹn pọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, kò wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí búlúù má baà lọ ba yẹ́lò jẹ́.

Ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti ń fi ara rẹ̀ hàn jù ni etí bébà tí a fi ọwọ́ ya. Kádíbọ́ọ̀dù kan wà tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ nìkan ni àwọ̀ wà, inú rẹ̀ funfun. Bí ẹ bá di apá òsì mú, tí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fa èyí tó kù wá sí ọ̀dọ̀ ara yín, funfun inú rẹ̀ yóò hàn létí apá òsì, ní ṣákiṣàki, pẹ̀lú fọ́nrán tó yọ síta. Bí ẹ bá fà á sí òdìkejì, funfun náà yóò sá sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí yíya náà ṣe ségesège, kí ó fi kọ́tìn bọ́ọ̀dù olómi fa ìlà sí ibi tó fẹ́ kó ya, kí ó dúró díẹ̀ kí omi wọlé, kí ó tó fà á. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ tán pátápátá ni kí ẹ tó mú ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ bọ fóòmù sínú ìyẹ̀fun náà, ẹ gbọ̀n ọ́n sórí ìgékù bébà, ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìta, ní etí gan-an, kí ẹ máa yí i rọra wọnú. Àwọ̀ fífẹ́lẹ́ ni kó ṣáájú. Bí ó bá ti rí bákan náà yíká, ẹ wá mú èyí tó dúdú jù ú lọ, kí ẹ fi tọ́ ṣóńṣó àwọn fọ́nrán náà nìkan. Níbẹ̀ ni etí bébà yóò ti gbé sókè, tí ẹni tó ń wò ó yóò fẹ́ fi ìka kàn án. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ fi dúdú bẹ̀rẹ̀ ti dí àyè bébà, fífẹ́lẹ́ kò ní ríbi dúró sí mọ́.

Iṣẹ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Obìnrin kan láti Sùúrùlérè gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ wá, ọjọ́ ìbí 70 ń bọ̀, wọ́n fẹ́ ìwé ìrántí. Fọ́tò dúdú-àti-funfun ni, irú èyí tí etí rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ yíká. Màmá dúró nínú ìró àti bùbá, gèlè ga lórí, ọwọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Obìnrin náà ní, “Àǹtí, ẹ bá mi fi ṣọ́ọ̀kì kun gèlè yẹn lórí fọ́tò náà, kó ní àwọ̀.” Mo ní a kò ní fọwọ́ kan ojúlówó náà. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò ní èkejì, ìyẹ̀fun lè ha ojú rẹ̀. A ya ẹ̀dà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, a sì tẹ ẹ̀dà náà sórí bébà fọ́tò tí kò dán.

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí fíìmù aláwọ̀ tó gbòde, àwọn oní-sítúdíò máa ń fi ọwọ́ kun àwọ̀ sí fọ́tò, sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, sí aṣọ, sí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ìyẹ̀fun àwọ̀ gbígbẹ sì wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Nítorí náà, ọ̀nà ti wà nílẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni àwọ̀ gèlè. Ó dá ọmọ Màmá lójú pé búlúù ni. Mo ní kí á bi ẹni tó wé e.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Màmá, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fi ẹ̀dà náà hàn wọ́n, mo bi wọ́n pé, “Mà, àwọ̀ wo ni gèlè yìí?” Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Wọ́n ní, “Búlúù kẹ̀? Elésè àlùkò ni. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò mi ni, èmi gan-an ni mo yan àwọ̀ yẹn.” Ọmọ wọn kò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà, ẹni tó se oúnjẹ, ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó wé gèlè fún wọn. A kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, òun ló sì di ọ̀rọ̀ tí a kọ sí abẹ́ fọ́tò.

N kò ní elésè àlùkò nínú páálí mi, mo fi pupa rírẹ̀ ṣáájú, mo fi búlúù gba orí rẹ̀ wẹ́rẹ́, mo tún pa dà pẹ̀lú pupa díẹ̀. Ìtẹ́jú gèlè nìkan ni mo kùn. Mo fi àwọn ibi tó ṣẹ́ po sílẹ̀ ní dúdú tiwọn. Nítorí pé bébà náà kò dán, ó gbà á. Nígbà tí mo gbé e fún Màmá, wọ́n ní, “Òun nìyẹn.” Láti ìgbà náà, mo kì í kun aṣọ inú fọ́tò dúdú-àti-funfun kankan láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀, tí ẹni náà bá ṣì wà láyé.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà gba àfiyèsí. Àwọn páálí ṣọ́ọ̀kì tó ń ti òkè òkun wá máa ń ní pupa rírẹ̀ kan báyìí fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí a fi bébà gé. Lára bébà tó ní àwọ̀ ara tiwa, ńṣe ni ó máa ń funfun bí eérú. Pupa tó jinlẹ̀ ni kí ẹ lò, èyí tó súnmọ́ osùn, tàbí pupa tó ní àlùkò díẹ̀ nínú. Àwọn ọmọ wa kò gbọ́dọ̀ máa hu eérú lójú nínú ìwé ìrántí tiwọn.

Mo sọ pé ṣọ́ọ̀kì máa ń tú àṣírí ohun tó bá tẹ bébà. Ẹ lè mọ̀ọ́mọ̀ lò ó. Ẹ mú bírò tí íǹkì rẹ̀ ti tán, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn díẹ̀ sábẹ́ bébà kó lè rọ̀, kí ẹ wá fi bírò náà kọ orúkọ ọmọ, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ kò ní rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ká òwú pẹlẹbẹ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì gba orí rẹ̀ kọjá, orúkọ náà yóò yọ ní àwọ̀ bébà, gbogbo àyíká rẹ̀ yóò sì ní àwọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Òwú pẹlẹbẹ ni o, kì í ṣe kọ́tìn bọ́ọ̀dù, torí pé kọ́tìn bọ́ọ̀dù yóò wọnú kòtò náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ náà gbé sókè dípò kó jìn, ẹ̀yìn bébà ni yóò ti tẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sódì.

Bákan náà ni mo ṣe ń ṣe ojú ìwé tó ní ìrísí adìrẹ. Ní Abẹ́òkúta, àwọn tó ń ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ a máa gé àwòrán sára páànù síńkì, wọ́n á fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ gba inú rẹ̀ sórí aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá bò kò ní mu aró. Wọ́n ṣe adìrẹ kan tí wọ́n pè ní Júbílì fún ayẹyẹ Ọba George karùn-ún ní ọdún 1935, tó ní àwòrán ọba àti olorì lára. Èmi ń gé àwòrán ẹyẹ tàbí ewé láti ara fáìlì náílọ̀nù. Mo máa ń tẹ́ ẹyẹ náà sórí bébà, mo máa ń di í mú pẹ̀lú ìka, mo á sì fi òwú gbá búlúù láti ara ẹyẹ náà síta. Bí mo bá gbé e kúrò, ẹyẹ funfun yóò wà láàárín aró. Ẹ gbé e sókè tààrà, ẹ má fà á.

Kí á wá sọ ti ojú ọjọ́, torí pé ìlú Èkó kò fẹ́ràn bébà. Nígbà òjò, pàápàá Òkúdù sí Agẹmọ, afẹ́fẹ́ kún fún omi, bébà á sì mu ún. Ṣọ́ọ̀kì tó bá bọ́ sórí bébà tó rin yóò dì mọ́ ibì kan, yóò sì fo ibì kan. Inú náílọ̀nù tí mo dì lẹ́nu ni bébà mi ń gbé ní àsìkò yẹn, ọjọ́ tí n ó bá lò ó ni mo ń yọ ọ́. Òógùn ọwọ́ tún burú ju òjò lọ. Ibi tí ìka bá fi òróró sí, ṣọ́ọ̀kì yóò dúdú níbẹ̀, kílínà kò sì ní pa á rẹ́. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ẹ fi ìgékù bébà tẹ́ abẹ́ ọwọ́ yín. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí fáànù dúró, ó kúkú dára fún ṣọ́ọ̀kì, bí ooru bá tilẹ̀ ń mú wa. Nígbà ọyẹ́, eruku tó ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà á bà lé gbogbo nǹkan, àwọ̀ búráùn fífẹ́lẹ́ tí ẹ kò fi síbẹ̀ á sì wà lójú ìwé yín. Ẹ bo iṣẹ́ yín.

Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ìyẹ̀fun kúrò, itọ́ yóò ta sí i. Ẹ gbé bébà dúró, kí ẹ fi ìka ta ẹ̀yìn rẹ̀. Àkísà tútù ni kí ẹ fi nu tábìlì, kí eruku má baà tún gbéra, kí ẹni tó ní ikọ́ fée má sì jókòó tì yín. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí ẹ tó lẹ fọ́tò mọ́ ọn, ibi tí ẹ bá sì fẹ́ fi gọ́ọ̀mù sí kò gbọ́dọ̀ ní ṣọ́ọ̀kì, torí pé gọ́ọ̀mù yóò di ìyẹ̀fun mú, yóò sì fi bébà sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi sípíréè irun fọ́n ọn kó má baà gbọ̀n. Èmi kò fara mọ́ ọn, ó máa ń pọ́n bó bá pẹ́, ó sì máa ń lẹ̀. Sípíréè àwọn ayàwòrán wà. Ìta gbangba ni kí ẹ ti fọ́n ọn, láti ọ̀nà jíjìn, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó tún fọ́n òmíràn. Ẹ mọ̀ pé yóò mú kí àwọ̀ dúdú sí i díẹ̀. Lórí bébà tó dára, n kì í fọ́n nǹkan kan. Mo kàn máa ń fi òwú mímọ́ pa á wọlé, kí n sì gbọ̀n èyí tó kù dànù.

Náílọ̀nù tí ojú ìwé ń wọ̀ ṣe pàtàkì ju sípíréè lọ. Èyí tó bá ń rùn bíi kótù òjò tuntun, PVC ni, ó máa ń tú ásíìdì jáde, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ fọ́tò. Polypropylene ni kí ẹ béèrè. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí náílọ̀nù tó bá ń fa irun ọwọ́ sókè lè fa ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì náà mọ́ra. Mo máa ń fi káàdì tóóró ṣe férémù yíká ojú ìwé kí náílọ̀nù má baà kan ṣọ́ọ̀kì gan-an.

Kí ẹ tó fi àwọ̀ kankan sínú ìwé tí ẹ fẹ́ kí ọmọ ọmọ bá láyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán an wò lójú oòrùn. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan pa ìlà sórí bébà, mo máa ń fi káàdì bo ìdajì rẹ̀, kí n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn. Bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀, mo á ṣí káàdì náà láti fi apá méjèèjì wéra. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀kì ilé ìwé tí mo ti dán wò, pupa àti àlùkò ló kọ́kọ́ sá. Búráùn àti yẹ́lò ilẹ̀ ti pásítẹ́ẹ̀lì kò yí padà lójú mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ ti télọ̀ mọ́ ibẹ̀ ni, búlúù àti pupa rẹ̀. Ẹni tó wá gba káàdì ìpè lọ́dọ̀ mi lánàá tilẹ̀ bi mí pé ta ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sójú fèrèsé.